Bí Fìjàbí Ọmọ Agboolé Oríta Ṣe Fi Àtàǹpàkò Kan Ṣẹ́gun Yunifásítì Méjì

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ rò pé akọni ti tán láyé. Ẹni tó ń wá jagunjagun lọ sójú ogun ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò ni, nítorí Ìsẹ́yìn ni akọni wà, ní ẹ̀yìn ilé ìlagi Ọládòkun, ó jókòó lórí ìtì ìrókò, ó di fóònù mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Fìjàbí ni orúkọ rẹ̀. Fìjàbí ọmọ Ọládòkun, ọmọ Àkàngbé, ọmọ Ògúnṣínà tó tẹ agboolé Oríta dó. Fìjàbí a-rò-ó-títí-ilẹ̀-fi-ṣú, ọmọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ tí ọrùn rẹ̀ ń wẹ̀yìn, ọmọ "ẹ jẹ́ kí n rò ó wò". Bí ẹ bá ń kí ọba, ẹ dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá ń kí Fìjàbí, ẹ rọra kí i, kí ẹ má ṣèèṣì bi í pé ṣé kí ẹ dọ̀bálẹ̀ ni tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lásán, nítorí ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìdílé ńlá ni, ẹ má fojú tín-ín-rín wò wọ́n. Ògúnṣínà bàbá ńlá wọn gbé ẹrù rẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá ibi tí òun yóò tẹ̀dó sí. Ó rìn títí ó fi dé oríta kan: ọ̀nà ọ̀tún lọ síbi tí ilẹ̀ ti dára, ọ̀nà òsì lọ síbi tí omi ti pọ̀. Ògúnṣínà sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò." Ó rò ó títí òjò fi dé, òjò lù ú débi tó fi ní láti pa àgọ́, àgọ́ di ilé, ilé di agboolé, Ògúnṣínà sì kú síbẹ̀ láìtíì pinnu. Àkàngbé ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ọmọge méjì pọ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń rò ó, àfi ìgbà tó gbọ́ pé àwọn méjèèjì ti bímọ sílé ọkọ. Obìnrin kẹta tó ń jẹ́ Abẹ́ní ló gbé ẹrù wá bá a nílé, tó ní bí òun bá ń dúró dè é, ewú ni yóò bá òun níbẹ̀. Abẹ́ní yìí ni ìyá àgbà Fìjàbí, ó ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Òkèhò. Ọládòkun bàbá Fìjàbí ní tirẹ̀ lọ ra bàtà ìgbéyàwó. Dúdú wù ú, búráùn wù ú, ló bá ra ẹsẹ̀ dúdú kan àti ẹsẹ̀ búráùn kan. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wọn.

Bí wọ́n ṣe bí akọni fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìrọbí mú ìyá rẹ̀, Ọládòkun dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ilé ìwòsàn ìjọba ni kí wọ́n gbé e lọ ni tàbí ti aládàáni. Àwọn àna bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, òun náà ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an, aṣọ ya, fìlà bọ́, ibi tí wọ́n ti di ara wọn lọ́rùn mú lọ́wọ́ ni ọmọ ti ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ni wọn ì bá tún sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Fìjàbí?

Ogun tó wá dojú kọ ọ́ kì í ṣe ti ọ̀kọ̀ àti apata. Fìjàbí mọ̀wé, orí rẹ̀ pé, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ní èṣí, yunifásítì méjì ló pè é lẹ́ẹ̀kan náà pé kó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Akọni jókòó, ó ń rò ó. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni ọjọ́ kọjá, wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, ó sì di ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìlagi bàbá rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò níwájú géètì yunifásítì. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́kún. Obìnrin tó ń gbé pákó kọ́ èjìká bí ẹni gbé ìgbálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ tán, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, Fìjàbí sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta. Ó dùn ún ju ẹgba lọ. Ó búra lọ́jọ́ náà pé bí wọ́n bá tún fi irú rẹ̀ lọ òun, òun ò ní í jẹ́ kó bọ́.

Wọ́n tún fi lọ̀ ọ́ lóòótọ́. Lọ́dún yìí, yunifásítì aládàáni kan l'Ékòó ní kó máa bọ̀, òmíràn ní Ìlọrin ní kó máa bọ̀, ìṣàkóso òwò kan náà ni méjèèjì fẹ́ kọ́ ọ. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan náà ni wọ́n jọ dá, àfi bí ẹni pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀: kí aago kan ọ̀sán tó lù, kó wọ ojú òpó wọn lórí fóònù, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí. Ọ̀kan ṣoṣo ló lè gbà. Bí kò bá tẹ ìkankan, ó parí nìyẹn, ilé ìlagi ń retí rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì tún wọ yàrá lọ ti ilẹ̀kùn.

Ha, ẹ ì bá rí i bó ti ń rò ó! Ti Èkó tóbi, orúkọ rẹ̀ ń dún, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá máa ń wá ṣa akẹ́kọ̀ọ́ wọn bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Ti Ìlọrin kéré, kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń fa ṣọ́ọ̀bù gidi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ọgbà, pé kí wọ́n máa tajà, kí wọ́n jèrè, kí wọ́n pàdánù, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ó rò ó nílé ìwẹ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ ọn lójú. Ó fi ewúrẹ́ aládùúgbò dá àmì: bó bá yà sọ́tùn-ún, Èkó ni, bó bá yà sósì, Ìlọrin ni. Ewúrẹ́ wò ó, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Nígbà tó di Ọjọ́rú, akọni kọ oúnjẹ sílẹ̀ pátápátá, òun tí wọ́n máa ń gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé pín sí méjì. Bọ̀ọ̀dá Láníhùn, àbúrò bàbá rẹ̀, ni ọ̀gágun Èkó. Ọkùnrin yìí gbé Èkó rí; kò pẹ́ ju bí àgbàdo ṣe ń gbó lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, kò bọ́ awò dúdú kúrò lójú mọ́, ìbáà jẹ́ inú yàrá.

"Ẹni tí kò bá kàwé l'Ékòó, ìwé kíkà ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó," ni Bọ̀ọ̀dá Láníhùn wí. "Ṣé ẹ ò gbọ́ pé Èkó gbolè, ó gbọ̀lẹ ni?"

Ìyá Fìjàbí kì í pè é lórúkọ, ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Afínjú ló ń pè é. Ó ní, "Ọkọ mi Afínjú, bó bá gbolè tó gbọ̀lẹ, kí ló wá dé tó lé ẹ̀yin padà wálé? Ìlọrin ni kí ọmọ mi lọ, ibẹ̀ ò jìnnà, ara rẹ̀ á balẹ̀."

Wọ́n yíjú sí Ọládòkun olórí ilé. Ọládòkun fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kí àwọn rò ó wò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi ìyá mi. Ibi tí wọ́n bá ní kó lọ, ibẹ̀ náà ni." Ìyá Fìjàbí pe Òkèhò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó rojọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀: ti Èkó, ti Ìlọrin, ti ọmọ tí kò jẹun. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé ránṣẹ́. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, fóònù sì ni wọ́n fi ń dán ìmọ̀ náà wò lára gbogbo ẹbí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti pé jọ sí ilé ìlagi, fóònù Fìjàbí dún. Iṣẹ́ tí Ìyá àgbà rán ló wọlé. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni ń pariwo, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀: FIJABI MU EKO O.

Bọ̀ọ̀dá Láníhùn fò sókè. "Ẹ rí i! Mú Èkó o! Ìyá mi kò tanná wò ó kí wọ́n tó mọ ibi tí iyì wà!"

"Níbo lẹ ti rí Èkó níbẹ̀?" ni Ìyá Fìjàbí wí. "Mú ẹ̀kọ́ o ni wọ́n kọ. Kó di ẹ̀kọ́ mú, kó má lọ síbi ariwo. Ìlọrin ni wọ́n ń sọ."

Ẹ gbà mí o, èdè wa yìí! Ẹ bọ́ àmì kúrò lórí rẹ̀, ẹ rí i bó ṣe ń dà bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá dúdú ni tẹ́lẹ̀ tàbí funfun. Wọ́n pe Ìyá àgbà, wọ́n tún wọn pè, kò wọlé. Ìyá àgbà máa ń pa fóònù ní gbàrà tí wọ́n bá ti lò ó tán, wọ́n ní iṣẹ́ tó ṣe náà tó, kó sinmi. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jinlẹ̀ méjèèjì bá gbé fóònù sáàárín, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ń tú u, ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ayùn pa ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Bọ̀ọ̀dá Láníhùn ló fi ẹ̀rí borí. "Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni, 'kọ́ ẹ̀kọ́' ni wọn ì bá wí. Ta ní í mú ẹ̀kọ́? Ṣé òbúkọ ni, tí wọn ó fi mú un?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọládòkun létí. Ó họ orí, ó ní, "Ó jọ pé Èkó ni." Ẹ má fi "ó jọ pé" yẹn ṣeré o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá agboolé Oríta sílẹ̀, kò tíì sí ọkùnrin ilé náà tó sọ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá Fìjàbí ká ọwọ́ lérí. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ òun ni, òun ò ní í jiyàn. Ojú rẹ̀ kò dùn.

Fìjàbí ńkọ́? Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ti bá a yàn án, ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀, ọmọ Ògúnṣínà ti rí ẹni tí yóò fa òun lọ́wọ́ kúrò lóríta. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìlagi kó lọ tẹ ti Èkó ní ìdákẹ́jẹ́, ó jókòó lórí ìtì ìrókò. Àmọ́ bó ti jókòó báyìí, ayọ̀ náà gbẹ. Nǹkan kan wúwo nígbá àyà rẹ̀, ó sì ń wúwo sí i.

Ẹ ò lè mọ ohun tó ń ṣe é àfi tí mo bá sọ fún yín. Ní gbogbo ọdún tó fi ń gbálẹ̀ yẹn, ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń tú sílẹ̀, tí bàbá rẹ̀ máa ń dáná sun, Fìjàbí kò jẹ́ kí wọ́n sun ún mọ́. Ó ń kó o sínú àpò, ó ń tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ kí wọ́n máa tẹ́ ẹ sínú ilé adìyẹ wọn. Ó gbé e fún oníbàárà kan tí kò san tán, ó gbọ́n lára ìyẹn. Ó gbé èyí tó tutù fún òmíràn, adìyẹ rẹ̀ wúkọ́, wọ́n bú u bí ẹní máa nà án, ó gbọ́n lára ìyẹn náà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kà nípa ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Ìlọrin, ó ti kà á, ó tún un kà, ó sì ti mọ ohun tí òun yóò kọ sára pátákó rẹ̀.

Ó ṣí ojú òpó ti Èkó. Ó tẹ "Mo gbà". Fóònù kò gbà á bẹ́ẹ̀, ó tún bi í pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ẹ tún rí ìwà ìkà! Kí wọ́n máa bi ọmọ agboolé Oríta ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀! Àtàǹpàkò akọni dúró lójú òfuurufú. Láti mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń hó, wọ́n ti ń múra ìrun Jímọ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà ni.

"Fìjàbí, ṣé o ti mu ẹ̀kọ náà?"

Akọni ya ẹnu. "Ẹ̀kọ wo, Ìyá àgbà?"

"Ẹ̀kọ wo kẹ̀? Ẹ̀kọ gbígbóná! Èyí tí wọ́n fi ògì ṣe! Ìyá rẹ ní láti Ọjọ́rú o ò fẹnu kan nǹkan kan, ni mo bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kí o mu ẹ̀kọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Ìyá àgbà, Èkó la kà á sí o."

"Èkó? Kí ni mo fẹ́ fi Èkó ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kàwé, ẹ ò wá mọ ẹ̀kọ mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, nínú méjèèjì, èwo ni kí n mú?"

"Èmi ni wọ́n pè ni, àbí ìwọ? Gbọ́, ọmọ mi. Bí mo bá dúró kí ọkùnrin ilé yín yàn mí, ṣé bàbá rẹ ì bá wà láyé, ká tó wá sọ ti ìwọ? Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o mú. Kí o sì jẹun!" Wọ́n pa fóònù kó lè sinmi.

Wàyí o, ẹ̀yin ènìyàn, ẹ fara balẹ̀, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tí Fìjàbí gbọ́ pé kì í ṣe Èkó, ohun tó wúwo nígbá àyà rẹ̀ yẹn bọ́ sílẹ̀ gbì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó sì yé e pé òun ti mọ ibi tí òun ń lọ látọjọ́ yìí, pé ẹni tí yóò sọ ọ́ fún òun ni òun kàn ń wá kiri. Ó dìde dúró. Ó pa ojú òpó ti Èkó, ó ṣí ti Ìlọrin. Àtàǹpàkò ọ̀tún, baba ìka, olóyè láàárín ọmọ ìyá márùn-ún, àtàǹpàkò tí kò tíì yan ohunkóhun rí ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ, ó gbéra, ó rọ̀ wá sílẹ̀ bí àṣá, ó tẹ "Mo gbà". Wọ́n bi í bó bá dá a lójú. "Ó dá mi lójú," ni akọni wí ketekete, ẹyẹ orí igi gbọ́, ó fò. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí, ó ń yí, ó ń yí, wọ́n pe ìrun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá jáde lójú fóònù: wọ́n ti gba ìdáhùn rẹ̀.

Ó jáde sí wọn níwájú ilé ìlagi. Ó ní, "Ìlọrin ni mo mú." Ó sì sọ ohun tí Ìyá àgbà wí, àti ti ẹ̀kọ.

Bọ̀ọ̀dá Láníhùn bọ́ awò dúdú kúrò lójú, ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà. "Ìlọrin! Kò sí òkun ní Ìlọrin o!"

"Ẹja kọ́ ni mo fẹ́ lọ kọ́, Bọ̀ọ̀dá."

Ìyá rẹ̀ wá bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń da omi lójú rẹ̀. Kò wọ yàrá kankan lọ. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti sun ún.

Ọládòkun ló kù. Ó dúró ti ẹ̀rọ ayùn, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó pàdé àlejò.

"Ta ló bá ọ yàn án?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ọládòkun sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "Báwo ló ṣe rí lára?"

"Ó bà mí lẹ́rù, Bàbá," ni Fìjàbí wí. "Ó wá dùn."

Nítorí náà, kí ọba ó gbọ́, kí ìjòyè ó gbọ́, kí àwọn tó ń kọ ìtàn ogun ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ọ́, kó jọ̀ọ́, kó fi àmì sí i, kí wọ́n má lọ kà á sí nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, láìsí ìbọn, láìsí ẹṣin, pẹ̀lú ikùn òfìfo, Fìjàbí ọmọ Ọládòkun tẹ fóònù, ibi tó wù ú ló sì tẹ̀.